Àrokò Inú Iṣan

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àdúgbò wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù wọn nìyí. Akọ̀wé wọn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí àyè wá. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò, mo sì fi ohun tí mo gbàgbé láti sọ lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Alága ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àmàlà wà lẹ́yìn, kí n má jẹ̀ẹ́ kó tutù. Mo ti gbọ́. Inú àmàlà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi máa gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin méjì kan tó gun kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo nílùú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden. Jonas Bergström lorúkọ ọ̀kan, Eric Hultman ni èkejì. Oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ náà kì í rìn, ojú kan ló dúró sí, bí irú èyí tí wọ́n ń gbé sí jíìmù. Bergström wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dà. Hultman wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, òun náà fi ẹsẹ̀ kan tẹ èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì tí kálukú ní kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wa kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú abẹ́rẹ́ ńlá kan tó ní ihò nínú, wọ́n fi gún itan ara wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì bu ẹran bíńtín jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ onísítáàṣì ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gún itan lọ. Ẹni tó bá ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í jìyà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ itan àwọn méjì yìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wa kẹ̀kẹ́, itan tó ṣiṣẹ́ ti gbẹ. Ṣúgà tí iṣan máa ń tò jọ pa mọ́, èyí tí à ń pè ní glycogen, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Itan tó sinmi ṣì kún bó ṣe wà. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ kẹta ni nǹkan dé. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ínsúlínì kan náà, ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Síbẹ̀, itan tó ṣiṣẹ́ kò wulẹ̀ dá èyí tó ná padà. Ó kó glycogen jọ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú ẹnìkejì rẹ̀. Itan tó sinmi ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọdún 1966 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde, gbogbo ohun tí mo sì wá sọ lónìí, ìdí rẹ̀ ni mo ń wá. Kí ni itan kan gbọ́ tí èkejì ò gbọ́?

Yorùbá ń fi iṣan pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, a tún ń fi pe ẹran ara tó ń fà tó ń sún. Ẹran yìí ni mo ń sọ, ohun tó máa ń le kankan lápá yín tẹ́ẹ bá gbé korobá omi. Tẹ́ẹ bá dé ìsọ̀ alápatà tẹ́ẹ ní kó gé ibi tí kò lọ́ràá fún yín, iṣan lẹ rà yẹn.

Owó tí iṣan ń ná lórúkọ. ATP ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wò ó bí nǹkan kékeré kan tó nírù, tí ìrù náà sì ní oríkèé mẹ́ta. Fọ́sífétì ni oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí oríkèé tó kẹ́yìn bá já, agbára á jáde, àwọn purotéènì tó tò lọ bí okùn nínú iṣan á sì fi agbára yẹn fa ara wọn mọ́ra. Ohun tó ṣẹ́kù, tó wá ku oríkèé méjì, là ń pè ní ADP. Ọmọ Jámánì kan, Karl Lohmann, ló rí ATP nínú iṣan lọ́dún 1929. Iye tó máa ń wà nínú iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Tẹ́ẹ bá ki eré mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ló máa fi tán bí kò bá sí ohun tó ń dá a padà. Àmọ́ ẹni tó kàn jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń ná nǹkan bíi kílò 40 rẹ̀ lójúmọ́. Owó kan náà ló ń jáde tó ń wọlé, bí owó oníṣòwò tí kò gbọdọ̀ sùn.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí iṣan mọ̀ jù ni bó ṣe máa so oríkèé kẹta padà mọ́ ADP. Ó ní ọ̀nà mélòó kan, ẹ sì jẹ́ kí n fi owó ṣàkàwé, torí kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ owó ò yé níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ ti dúró de owó ìfẹ̀yìntì rí.

ATP ni owó tó wà nínú àpò yín. Phosphocreatine, ohun mìíràn nínú iṣan tó ní fọ́sífétì tó lè fún ADP, ni oníPOS tó wà ní ìkóríta: kò jìnnà, kò béèrè ìbéèrè, ojú ẹsẹ̀ ló ń fúnni lówó, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Glycogen ni báńkì. Ó lówó dáadáa, àmọ́ ẹ máa tò. Ọ̀rá ara ni ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún yín lábúlé. Ọrọ̀ gidi ni, ó ju ti báńkì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ilẹ̀ sanwó ọkọ̀.

Ẹ rántí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, nílùú Eugene ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje ọdún 2022. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló fi fo ọgbà mẹ́wàá nínú eré 100 mítà, kò sì sí obìnrin tó sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá yẹn, afẹ́fẹ́ tó mí sínú ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ọ́síjìn máa gbà dé inú iṣan kó tó dowó ti jìn jù. Owó àpò àti ti oníPOS ló ná, báńkì sì ti ń ka owó tirẹ̀ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù lọ́jọ́ náà ni pé ìpele kejì sí àṣekágbá nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tún padà wá sá àṣekágbá, ó sì gbà á. Phosphocreatine kì í pẹ́ padà sípò. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí eléré bá ti dúró, tó ń mí gúlegúle, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti padà. Mímí gúlegúle yẹn gan-an ni sísan gbèsè.

Ọmọkùnrin kan tó bá ìyá rẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bi mí níbí pé ṣé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló ń sáré. Purotéènì kan wà nínú irú iṣan tí sárésáré ń lò, alpha-actinin-3 ni wọ́n ń pè é. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Yúróòpù, nǹkan bíi méjìdínlógún ni kò ní in rárá. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, ẹni tí kò ní in ṣọ̀wọ́n. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ohun tí gbogbo ará ọjà ní, kò lè jẹ́ ìdí tí ẹnìkan fi tayọ láàárín wọn. Ó ṣeé ṣe kí èmi náà ní in, ẹ sì rí mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí báńkì. Glycogen tó wà nínú gbogbo iṣan àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500. Ti inú ẹ̀dọ̀ tó nǹkan bí 100. Ibi tí àmàlà tó ń dúró dè yín ń lọ nìyẹn. Sítáàṣì inú rẹ̀ á di gúlúkóòsì nínú ìfun, gúlúkóòsì á wọnú ẹ̀jẹ̀, iṣan á gbà á, á sì so ó mọ́ra bí ẹ̀ka igi. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, iṣan á máa já ewé ẹ̀ka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí iṣẹ́ náà bá le jù, ohun tí gúlúkóòsì ń dà á yára ju ohun tí inú sẹ́ẹ̀lì lè fi ọ́síjìn jó lọ, èyí tó ṣẹ́kù á di lactate. Àwọn tó ń sá marathon ní Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, mọ ibi tí báńkì yìí ti ń tilẹ̀kùn. Ẹ ó rí ẹni tó ń sáré bọ̀ dáadáa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn dédé wúwo bí òjé. Ọ̀rá wà lára rẹ̀ tó lè gbé e dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abúlé nìyẹn.

Ní ti lactate yìí, mo jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbèsè àforíjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ wọn pé lactate, tí à ń pè ní lactic acid nígbà náà, ni ìdọ̀tí iṣan, pé òun ló ń mú ara ro ni lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kúkú ní orísun. Lọ́dún 1907, Fletcher àti Hopkins ní Cambridge mú iṣan tí wọ́n gé lára ọ̀pọ̀lọ́ ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rí i pé lactic acid ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ti gé kúrò lára kò ní ẹ̀jẹ̀ tó máa bá a gbé nǹkan lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn yẹn ni ìtàn wà. Ọkàn ń jẹ lactate, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Iṣan tó wà nítòsí ń jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ń gbà á, ó ń sọ ọ́ di gúlúkóòsì padà, ó sì ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Carl Cori àti ìyàwó rẹ̀ Gerty ni wọ́n fi àyípoyípo ìkẹyìn yìí hàn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1947, Gerty sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣègùn. Ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí, ọjà ni.

Aláìsàn kan ló parí ẹjọ́ náà fún mi. Lọ́dún 1951, dókítà kan ní London, Brian McArdle, ròyìn ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún kan tí iṣẹ́ kékeré máa ń mú iṣan rẹ̀ ro gógó, tí á sì le. Nígbà tí McArdle ní kó ṣiṣẹ́, lactate inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gòkè rárá. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì òṣìṣẹ́, tó ń já ewé glycogen kò sí nínú iṣan rẹ̀. Báńkì kún, kò sí kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ pé lactic acid ló ń fa ìrora, ọkùnrin yẹn ni ì bá máa fò káàkiri tayọ̀tayọ̀.

Kí ló wá ń ro wá lọ́jọ́ kejì? Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Òkè Ìdànrè nígbà kan. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ. Bí a ṣe ń gòkè, mo ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń kọrin. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi, mo di irin mú. Lactate tí mo rí lọ́jọ́ náà ti lọ kí mọ́tò wa tó dé Àkúrẹ́. Ohun tó ṣe mí ni ìsọ̀kalẹ̀ tí mo fi ń kọrin. Nígbà téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ń gbìyànjú láti sún kì bí ìwọ̀n ara ṣe ń fi tipátipá nà án. Àwọn okùn tín-tìn-tín inú rẹ̀ á já díẹ̀díẹ̀, ara á rán àwọn atúnnǹkanṣe lọ síbẹ̀, wíwú àti ìrora á tẹ̀ lé e, á sì gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó le jù.

Ní báyìí, àrokò. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Kò sí ẹni tó fi ẹnu sọ nǹkan kan. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú iṣan.

Ẹ rántí ADP tó ku oríkèé méjì. Tí nǹkan bá le, ADP méjì á pàdé. Ọ̀kan á já oríkèé tirẹ̀ kan fún èkejì. Èyí tó gbà á di odindi ATP, ó ṣeé ná. Èyí tó yọ̀ǹda wá ku oríkèé kan ṣoṣo: AMP nìyẹn. Ó dà bí aláìní méjì tó da owó pọ̀ kí ọ̀kan lè wọ mọ́tò, tí èkejì sì jókòó sí ibùdókọ̀. Tí ẹ bá rí ẹnìkan tó jókòó ní ibùdókọ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń dúró de ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá rí ọgbọ̀n, ẹ ó mọ̀ pé ìlú ti le. Nígbà tí iṣan bá ń sinmi, AMP inú rẹ̀ kéré jọjọ sí ATP. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé tí ATP bá dín bíńtín, tí kò tíì hàn rárá, AMP á ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Ara kì í dúró de ìgbà tí àpò bá gbẹ. Àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ ló ń kà.

Ẹni tó ń kà wọ́n ni AMPK. Purotéènì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti di AMP mú, kó mọ iye tó wà. Grahame Hardie ní Dundee, ní Skọ́tílándì, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, lọ́dún 1996 sì ni òun àti Will Winder, tó wà ní Utah lọ́hùn-ún, fi hàn pé eku tí wọ́n mú sáré ń jí AMPK dìde nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí AMPK bá jí, bí ìyàwó ilé tó mọ̀ pé owó oṣù ò dé ló ń ṣe. Gbogbo ìnáwó tó lè dúró, ó dá a dúró: kíkọ́ ọ̀rá tuntun, kíkọ́ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Gbogbo ọ̀nà tí owó lè gbà wọlé, ó ṣí i: ó jẹ́ kí ọ̀rá ráyè wọ ibi tí wọ́n ti ń jó o. Àní ó ní apá kan tó fi ń di glycogen mú, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ àpò ìrẹsì wò bóyá ó ń lọ sílẹ̀.

AMPK nìkan kọ́ ló ń gbọ́ o. Ìgbàkigbà tí ọpọlọ bá ní kí iṣan sún, kálísíọ̀mù ń tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, òun náà sì ń sọ ti ẹnu rẹ̀. Fífà tí iṣan ń fà pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n dárúkọ gbogbo wọn, àmàlà máa di òkúta.

Ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í dédé wọ inú iṣan. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí à ń pè ní GLUT4. Tí iṣan bá ń sinmi, púpọ̀ nínú àwọn ẹnu ọ̀nà yìí ò sí lára ògiri. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kó wọn pa mọ́ sí, bí ilẹ̀kùn tí káfíńtà ti kàn tán tó fi ti ara wọn sínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn oúnjẹ, ínsúlínì á wá kanlẹ̀kùn láti ìta, ó ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn wá. Wọ́n á gbé e wá sí ara ògiri, ṣúgà á wọlé. Nínú àìsàn àtọ̀gbẹ tó máa ń mú àgbàlagbà, ínsúlínì ń kanlẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ilé ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Ṣúgà á wá kún òde.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ilẹ̀kùn lọ sára ògiri láti inú, kò dúró de ínsúlínì. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ GLUT4 yàtọ̀ sí ti ínsúlínì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí ọ̀nà ti ínsúlínì ti dí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ẹ ní àtọ̀gbẹ gbọ́ èyí dáadáa. Rírìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ kì í ṣe ìmọ̀ràn tí nọ́ọ̀sì kàn ń fi lé èèyàn lọ sílé. Ẹ ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ni. Tí ẹ bá sì ṣiṣẹ́ tán, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, iṣan tó ṣiṣẹ́ yẹn á túbọ̀ máa dá ínsúlínì lóhùn ju bó ṣe ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá rí itan Bergström báyìí: ilẹ̀kùn wà lára ògiri rẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń so glycogen sì túbọ̀ ń yára nítorí pé àká ṣófo. Itan kejì ò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣílẹ̀kùn.

Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú ara tú ínsúlínì jáde, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré tó lágbára. Tí ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ṣí pa pọ̀, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù, èèyàn sì lè ṣubú.

Àwọn ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wákàtí àti ọjọ́ ni. Tí àrokò kan náà bá ń dé lójoojúmọ́, iṣan á tún ilé kọ́. John Holloszy, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, mú eku sáré fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ń sáré fún wákàtí méjì lójúmọ́. Lọ́dún 1967 ló kọ ọ́ jáde pé agbára tí iṣan wọn fi ń lo ọ́síjìn ti di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Mitokọ́ńdíríà ni ààrò tí wọ́n ti ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn eku yìí ti mọ ààrò kún ààrò. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí a tó mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún àwọn amọ̀kòkò. PGC-1α ni wọ́n pè é, láàbù Bruce Spiegelman ní Boston ló ti jáde lọ́dún 1998. Eré ìmárale kan ṣoṣo ti tó láti mú kó pọ̀ sí i nínú iṣan fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí wọ́n sì ṣe eku tí PGC-1α pọ̀ nínú iṣan rẹ̀ láti inú oyún, iṣan rẹ̀ tó yẹ kó funfun pọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń jẹ adìyẹ ti mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àyà rẹ̀ funfun torí kì í fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n torí àtàárọ̀ ló ń rìn. Ti ẹyẹlé, tó ń fò, àyà rẹ̀ pọ́n.

Gbígbé nǹkan wúwo, ohùn mìíràn nìyẹn. mTOR ni ọ̀gá ibẹ̀, òun ló ń pàṣẹ kí wọ́n mọ purotéènì kún ara iṣan. Ó máa ń fẹ́ rí ohun méjì: kí iṣan ti fa nǹkan tó wúwo, kí purotéènì sì ti dé láti inú oúnjẹ. Àmàlà nìkan ò lè ṣe é o. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran gbọ́dọ̀ bá a wọlé. Àwọn kan nínú yín ń wò mí pé ìyẹn ti kọjá ọjọ́ orí àwọn. Ní Boston, lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn arúgbó mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ọmọ ọdún 86 sí 96, tí wọ́n fún ní ìwọ̀n wúwo láti máa fi ẹsẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn méjì nínú wọn sì ju ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn nù.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyẹn kí ìyá kan tó nawọ́ níwájú. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún òsì òun ò jẹ́ kí òun lò ó. Tí òun bá ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́, ṣé òsì ò ní jẹ nínú rẹ̀ ni? Mo ní, “Ìyá, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè Stockholm.” Ní ti agbára, òsì á jẹ díẹ̀, torí pé ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún ọ̀tún ló ń pàṣẹ fún òsì, òun sì ń kọ́ṣẹ́. Ní ti ààrò, ti ilẹ̀kùn, ti àká glycogen, kò ní jẹ nǹkan kan.

Wọ́n bu ẹ̀rín, ìyá náà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni kí òun wá ṣe. Mo fa àga ike kan, mo jókòó síwájú wọn, mo na ẹsẹ̀ òsì gbọọrọ sókè díẹ̀ láì gbé ìwọ̀n lé orúnkún, mo kà á dé márùn-ún, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ bi oníṣègùn tó ń tọ́jú orúnkún náà léèrè. Tí ìyẹn bá ti gbà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Kí n tó dìde, ó ti na tirẹ̀, ìyá tó jókòó tì í sì ń bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.